Ọdún tí ìwé mi kò tíì jáde

Ẹ ti ń bi mí pé, "Ìwé dà?" Ìwé wà. Kò tíì jáde ni.

Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, mo ti kọ ìtàn náà parí, ó ku ẹni tí yóò gbé e jáde. Ilé-iṣẹ́ atẹ̀wéjáde kò wọ́n n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Ṣé ilé-ìwé á lò ó?" Mi ò bínú sí wọn. Láti 1938 tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì, ti tẹ ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà, ọmọ ilé-ìwé ni oníbàárà tó dájú jù fún ìtàn àròsọ Yorùbá. Opó tó fẹ́ ọkọ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ni tèmi dá lé. Tíṣà wo ni yóò kà á fún JSS2?

Ẹnìkan wá fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́. Èmi ni n ó sanwó ìtẹ̀wé, òun ni yóò sì ni ẹ̀tọ́ ìwé náà títí ayé, tó fi mọ́ fíìmù. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà kà á, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ lo lóyún, ìwọ lo rọbí, ìwọ lo tún gbówó ìkómọ kalẹ̀, ẹlòmíì ló wá lọmọ?" Bẹ́ẹ̀, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 fún òǹkọ̀wé lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mi ò fọwọ́ sí i.

Ni mo bá ní n ó gbé e jáde fúnra mi. Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè ló ń fúnni ní ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀. Bí ìwé bá jáde, ẹ̀dà 3 di tiwọn lábẹ́ òfin, wọn a sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Yunifásítì Ìbàdàn. Mo ti fi ìyẹn yangàn fún màmá mi.

Ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá gan-an ni wàhálà wà. Bí wọ́n ṣe ṣí fáìlì mi lórí kọ̀ǹpútà wọn, gbogbo "ẹ́" àti "ọ̀" di àpótí kékeré. Níbòmíràn, àmì ohùn fò kúrò lórí fáwẹ́lì, ó lọ bà lé kọ́ńsónáǹtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tò ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kúkú yọ àwọn àmì yìí. Wọ́n á ṣì kà á." Láéláé! Kò sí "ẹ́" gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà; ṣe ló ń so lẹ́tà mọ́ àmì, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kò sì mọ̀ ọ́n so. A pààrọ̀ fọ́ǹtì, a tún gbogbo rẹ̀ tò, mo sì gbé PDF tó kó fọ́ǹtì sínú fún wọn.

Ẹ̀dà àyẹ̀wò wà lọ́wọ́ bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá. Báírò pupa ni bàbá ń lò. Wọ́n ti yọ olófòófó kan kúrò nínú ìtàn pátápátá, wọ́n ní kò níṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Òkè òkun la ti ń ra bébà, iye tí wọ́n pè fún mi lóṣù kẹfà kọ́ ni wọ́n ń pè báyìí. Ìwọ̀nba ẹ̀dà ni n ó kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́, kó tètè sọ ṣáájú oṣù kejì. Mi ò tàwìn o, ẹ̀yin ẹbí mi gan-an ni mò ń bá wí.