Ẹ Má Sọ fún Mi Pé Ìwé Náà Dùn

"Ìwé yìí dùn gan-an, ẹ wá a kà." Bí ẹ bá wà láàárín àwọn olùfẹ́ ìwé lórí WhatsApp tàbí Facebook, ẹ ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú yín. Wọ́n á gbé àwòrán èèpo ìwé tì í, àwọn èèyàn á fi àtàǹpàkò dáhùn, ó parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa wá a, áńbọ̀sì ẹni tó máa kà á.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀. Àwa Yorùbá tí iṣẹ́ ìjọba, òwò tàbí ọkọ gbé wá sí Òkè Ọya la pọ̀ jù níbẹ̀. Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Gwagwalada ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé, àwọn kan wà ní Minna àti Kaduna, a sì ní àwọn tí wọ́n bí sí Sabon Gari ní Zaria, tí Yorùbá wọn ní adùn tirẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ láàárín wọn ni mo fẹ́ sọ: irú ọ̀rọ̀ tó ń mú kí èèyàn dìde lọ wá ìwé, àti irú èyí tó kàn ń gba àyè lórí fóònù.

Bàbá kan wà láàárín wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò owó. Ẹ̀gbọ́n Minna ni gbogbo wa ń pè é. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ti mú iná lọ, ó fi ohùn ránṣẹ́. Kò kí wa, kò dárúkọ ìwé, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kà ni. À ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, à ń gbọ́ ìró tákàdá nígbà tó ṣí ojú ìwé. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun àti Tàfá Ìgìrìpá ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bó ṣe dé ibi tí nǹkan ti fẹ́ gbóná báyìí, bàbá wúkọ́, ó ní, "Ó di ọ̀la," ó gbé fóònù sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwùjọ ti gbóná: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni Lápàdé wá ṣe?" "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé wo nìyẹn?" "Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ ò ṣeun o!" Àjà Ló Lẹrù ni, èyí tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Ẹ sì wò ó o, ẹnìkan ti gbé àwòrán ìwé yìí kan náà síbẹ̀ ṣáájú, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ kí ẹnìkan ka ìwé, ààbọ̀ ojú ìwé ni mo máa ń kà sínú fóònù. N kì í kà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa ló máa ń fi ìbẹ̀rẹ̀ na ara. Ibi tí èèyàn méjì bá ti ń sọ̀rọ̀ síra wọn ni kí ẹ wá, pàápàá bí wọ́n bá ń jà. Ẹ kà á bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ má kà á bí ẹni ń ka ìkéde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ẹ sì dákẹ́ nígbà tí ẹnu bá ṣì ń yún ẹni tó ń gbọ́. Ọgbọ́n àtijọ́ náà ni. Nígbà tí Isaac Thomas ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, lẹ́tà lẹ́tà ló ń gbé e jáde, bí ẹni pé obìnrin aláìsàn kan ló ń kọ̀wé sí olóòtú láti ka ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ẹni tó bá ti ka èyí tó jáde lónìí á máa ṣọ́nà de èyí tó ń bọ̀.

Ohun tó tún ká mi lára jùyẹn lọ ni kí ẹ sọ ẹni tí ìwé náà wà fún. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Abuja gbọ́ Yorùbá. Wọ́n lè fi í bú ara wọn, wọ́n á sì fi Hausa ná súyà tí aboki á fi dín owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò tíì fi ojú ka Yorùbá kọjá orin inú ìwé orin àti àkọlé fíìmù. Ẹ wá gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ti lé e lọ nìyẹn. Mo mọ̀ pé inú á bí àwọn kan. Fágúnwà ni baba, n kò jiyàn, láti 1938 ni ìwé yẹn ti ń ṣe bẹbẹ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ gùn, ọ̀rọ̀ á máa wọ́ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ bí èrò ẹ̀yìn egúngún. Ẹni tí etí rẹ̀ ti kún fún Yorùbá ni ìyẹn ń dùn mọ́. Ẹni tó ṣì ń fi ìka tọ àmì ohùn, àárẹ̀ á ti mú un kí ọdẹ tó wọ igbó.

Ó Le Kú ni mo máa ń fún wọn, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974. Àjàní wà ní yunifásítì Ìbàdàn, ó ń wá ìyàwó, àwọn ọmọge sì dà á lójú rú. Ọmọ tó wà ní yunifásítì lónìí kò nílò àlàyé kankan fún irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìfẹ́, mo máa ń ní kó lọ wo Ogún Ọmọdé, ti òǹkọ̀wé kan náà, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣe bí ọmọdé ṣe ń ṣe lábúlé. Ní ti Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré ni, ẹ má dá a kà. Ẹ pín in fún àwọn ará ilé, kí kálukú mú ẹnìkan. Ọkọ mi tí kì í ka ohunkóhun ju ìròyìn bọ́ọ̀lù lọ ló du ipò Látòósà mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ tún máa sọ irú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú kí àkọtọ́ 1974, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, tó jáde kún fún "aiye" àti "enia". Àbúrò kan ní Gwagwalada bi mí bóyá èdè Èkìtì nìyẹn. Bí ẹ bá ti sọ fún èèyàn ṣáájú, á kọjá lára rẹ̀ láìṣe wàhálà.

Kí ẹ sì sọ ibi tí ìwé ti ń fà. Ẹni tí gbogbo ìwé dùn lẹ́nu rẹ̀, ta ló fẹ́ gbà á gbọ́? Obìnrin kan wà láàárín wa ní Kaduna, olùkọ́ ni. Bó bá fẹ́ yan ìwé, á kọ́kọ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀: "Orí kejì máa sú yín, ẹ fò ó. Òǹkọ̀wé yìí fẹ́ràn ìwàásù. Ìparí rẹ̀ yára jù." Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá sọ pé òun ò sùn mọ́jú nítorí ìwé kan, kíá la ó ti gbé owó dìde. Òun ló bá wa sọ̀rọ̀ Season of Crimson Blossoms, ìwé òyìnbó tí Abubakar Adam Ibrahim kọ. Ó ní, "Ọmọ Òkè Ọya ló kọ ọ́. Opó ẹni ọdún 55 àti ọ̀dọ́kùnrin jàǹdùkú kan ló dá lé. Ẹ má gbé e sórí tábìlì níwájú ọmọ, ẹ má sì fi yá ìyá ọkọ yín." Ìwé náà gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ Nàìjíríà ní 2016, wọn ò sì jẹ́ ká gbádùn pẹ̀lú ẹ̀bùn yẹn nínú ìpolówó. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yẹn ló tà á fún wa.

Ọ̀rọ̀ àgbà le díẹ̀ nínú irú àwùjọ báyìí. Bí ẹ̀gbọ́n bá yan ìwé tí kò sì dùn mọ́ yín, ẹ ò lè já a mọ́ ọn lójú níwájú èrò. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n bá wọn sọ ọ́ níkọ̀kọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo bá a dé ìdajì, ẹsẹ̀ mi ò gbé e mọ́. Ṣé iwájú ni adùn rẹ̀ wà?" Ìgbà míì wọ́n á ní kí n forí tì í. Ìgbà míì, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jẹ́wọ́ pé àwọn náà fo ibẹ̀, pé láti ilé ìwé girama làwọn ti kà á gbẹ̀yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yan ìwé fún èèyàn láìsọ ibi tó ti máa rí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ní Abuja ti yàtọ̀ sí ti ará Ìbàdàn nìyí. Wọ Wuse, wọ Garki, ìwé òyìnbó, ìwé bí a ṣe ń lówó àti ìwé ọmọ ilé ìwé lo máa bá níbi gbogbo. Bí o bá rí ìwé Yorùbá, ó lè jẹ́ Aláwìíyé kan tó wà lábẹ́ bébà. Ìbàdàn la ti ń ra tiwa. A máa ń da owó jọ, ẹni tó mọ òǹtàwé á pè é, òǹtàwé á di páálí, á gbé e lọ sí gáréèjì, wọ́n á fi wébíìlì ránṣẹ́, a ó sì gba nọ́ńbà awakọ̀. Owó wébíìlì ìwé kan kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti páálí kan, ìdí nìyẹn tó fi dáa kí ẹ pọ̀ kí ẹ tó pàṣẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rá wé e dáadáa kí wọ́n tó fi páálí bò ó. Kẹ́ẹ̀gì epo kan jó lé páálí tiwa lórí nínú ọkọ̀. Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Fálétí ló wà nísàlẹ̀, òun ló mu epo jù. Títí dòní, bí mo bá ṣí i, ó ń ta sánsán bí ọbẹ̀. Ojú ìwé rẹ̀ pé, mo sì ti yá èèyàn púpọ̀.

Ẹnìkan á wá ní, "Ṣé ẹ ò ní PDF rẹ̀ ni?" Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ àwùjọ yín di ibi tí wọ́n ti ń pín ìwé olówó lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin Nàìjíríà fi ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé sílẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fágúnwà kú ní oṣù Kejìlá 1963. Omi ló gbé e lọ ní ìtòsí Bida, nílẹ̀ Òkè Ọya wa níbí, ọ̀nà tí àwọn ará Minna ń gbà lọ sí Mokwa. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó di ìparí 2033 kí ìwé rẹ̀ tó di ti gbogbo ayé. Fálétí ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ní 2017, Ìṣọ̀lá ní 2018, tiwọn ṣì jìnnà. Ẹni tí owó bá ń dà láàmú, kó yá ìwé. À ń yá ara wa, a sì ní ìwé àkọsílẹ̀ ẹni tó gbé kiní lọ, torí olùfẹ́ ìwé náà a máa jí ìwé.

Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ Yorùbá nìkan. Ó yà mí lẹ́nu pé èèyàn lè gbé Òkè Ọya di arúgbó kó má mọ ìwé kan tí aládùúgbò rẹ̀ fẹ́ràn. Ẹ bi wọ́n. Mo bi ìyá Hausa tó ń ta kóko níwájú ilé wa. Ó fa ìwé ìfẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lábẹ́ àga, irú èyí tí àwọn obìnrin Kano ń kọ, èèpo rẹ̀ ti ya, ó ti dọ́tí ní etí nítorí ọwọ́ èèyàn. Bó ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ fún mi, àwọn oníbàárà méjì bá a dá sí i, wọ́n ń jiyàn nípa ọkọ inú ìwé náà bí ẹni pé àdúgbò ló ń gbé. Ẹni tí kò gbọ́ Hausa lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Balaraba Ramat Yakubu, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin Kano náà; wọ́n ti túmọ̀ ọ̀kan nínú tirẹ̀ sí òyìnbó ní Íńdíà ní 2012. Ọmọ Zaria wa ló máa ń ka Magana Jari Ce ti Abubakar Imam, á sì sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá: odídẹrẹ́ kan ló ń fi ìtàn dá ọmọ ọba dúró kó má baà jáde nílé. Imam yìí náà ló di olóòtú ìwé ìròyìn Hausa, Gaskiya Ta Fi Kwabo, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Zaria ní 1939. Àwọn ọmọ mi ti ní àyànfẹ́ nínú àwọn ìtàn odídẹrẹ́ náà, wọ́n sì ti ń bi mí ìgbà tí bùọ̀dá Zaria máa tún sọ òmíràn.

Bí mo ṣe ń kọ tèmi báyìí rèé, èyí tí mo fi ránṣẹ́ láìpẹ́:

"Kúyẹ̀, J. F. Ọdúnjọ ló kọ ọ́. Ọmọ òrukàn tí etí rẹ̀ di, tí kò sì lè sọ̀rọ̀, la ń tẹ̀ lé kiri. Ó wà fún ẹni tó lè fara da ìyà ọmọdé nínú ìtàn. Bí ọkàn yín bá rọ̀, ẹ má kà á lálẹ́. Àkọtọ́ àtijọ́ ni ẹ̀dà tèmi. Mo ń yá ni, Kubwa ni mo wà, ẹ wá gbà á lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìmọ́tótó. Ẹni tó bá ká etí ìwé mi, a ò ní ka ìwé pọ̀ mọ́."