Ẹ Bá Mi Pa Iná Yẹn, Mà

Ẹ̀bẹ̀ tí mo máa ń kọ́kọ́ bẹ̀ nígbà tí mo bá wọ yàrá tí wọ́n ti ń wọṣọ fún ìyàwó kì í sábà dùn mọ́ àwọn ìyá nínú. Lẹ́yìn tí mo bá ti kí gbogbo ilé tán, n ó ní kí wọ́n bá mi pa iná àjà, kí wọ́n sì fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, ní Ìbàdàn, ìyá ìyàwó wò mí tòkètilẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ oní-fọ́tò yìí, ṣé inú òkùnkùn lo fẹ́ ya ọmọ mi sí ni?" Mo ní, "Rárá o, Mà. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

Iná gílóòbù máa ń pupa rúsúrúsú, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ojú sánmà wọlé sì máa ń fì sí búlúù, kámẹ́rà kò sì lè sin ọ̀gá méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo jẹ́ kí méjèèjì jọ tàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ìyàwó náà pọ́n, tòsì rí bí ẹni tí òtútù mú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí mo ń wá àwọ̀ ara ọmọ ọlọ́mọ, n kò sì rí i bó ti yẹ. (Ẹni tó ń ya fídíò ni kì í tètè gbà fún mi. Àdéhùn wa ni pé kí ó pa iná orí kámẹ́rà rẹ̀ fún mi báyìí, kí n sì kúrò lọ́nà rẹ̀ nígbà tí ijó bá bẹ̀rẹ̀.)

Àwọn ìwé tí a fi kọ́ iṣẹ́ yìí, tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ púpọ̀ nínú wọn, máa ń sọ pé fèrèsé tó kọjú sí àríwá ni ó dára jù, nítorí pé oòrùn kì í sábà gba ibẹ̀ wọlé. Òótọ́ ni lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ó fi díẹ̀ lé ní ìwọ̀n 7 sí àríwá rẹ̀, nítorí náà láti nǹkan bí àárín oṣù Kẹrin títí di ìparí oṣù Kẹjọ, apá àríwá wa gan-an ni oòrùn ń gbà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, fèrèsé tí ìwé ń yìn á sì di ibi tí oòrùn ti ń gún ìyàwó lójú. Nínú oṣù Kejìlá, gúúsù ni oòrùn wà, fèrèsé àríwá á wá tutù bí omi àmù. Bí ọyẹ́ bá tún dé, eruku tó bo ojú sánmà á dà bí aṣọ àlà tí wọ́n ta sójú oòrùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ yìí kan náà ni yóò gbẹ ètè ìyàwó kí a tó yà á tán.

Tí ìyàwó bá kọjú sí fèrèsé tààrà, ojú rẹ̀ á mọ́ ṣùgbọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ, gèlè tí wọ́n sì fara balẹ̀ dì fún un yóò dà bí páálí tí wọ́n gé lé e lórí. Mo máa ń mú un dúró ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ méjì sí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ bà á, kí ó sì rọra yí ojú díẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ìgbà yẹn ni òjìji ń ṣiṣẹ́: inú ìṣẹ́po gèlè á ṣókùnkùn, etí rẹ̀ á mọ́, a ó sì rí ibi tí ọ̀kan ti gun orí èkejì. J. D. 'Okhai Ojeikere, ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn láti 1954 nínú yàrá tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní dúdú àti funfun ní 1968. Mo máa ń padà lọ wo àwọn fọ́tò náà, nítorí pé kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀ tó lè ran ni lọ́wọ́, òjìji nìkan ni ó ń sọ bí irun ṣe lọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ òkè. Sányán tí a bá fi fíláàṣì yà láti iwájú á dán bí ọ̀rá, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lójú rẹ̀, a lè ka fọ́nrán òwú ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ojú rírán tó so ìlà aṣọ kan mọ́ èkejì. Bí òjìji bá pọ̀ jù, n ó ní kí ọ̀rẹ́ ìyàwó kan na aṣọ ibùsùn funfun sókè lódìkejì fèrèsé. Funfun báláú ni kí ó jẹ́ o, nítorí pé aṣọ pupa á tú pupa rẹ̀ sí ìyàwó lọ́rùn.

Ní ti ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, mítà inú kámẹ́rà gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, bí a bá pò ó pọ̀, kò ju àwọ̀ eérú lọ. Bí ìyàwó bá wọ gáwùn funfun, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ọmọ dúdú á sì ṣú. Bí ó bá jẹ́ ẹtù ni ó ró, òdìkejì ni yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó ni mo fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe aṣọ rẹ̀. Àwọ̀ dúdú máa ń dán, ẹwà rẹ̀ sì nìyẹn: fíláàṣì kékeré á fi àmì funfun ṣóńṣó síwájú orí àti imú, ṣùgbọ́n fèrèsé tó fẹ̀ á tẹ́ dídán náà lọ rẹrẹ lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹni tó ń kun ìyàwó lójú pé kí ó má fi páúdà pa gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, mo gbé kámẹ́rà fún Màmá, mo sì fi bí wọ́n ṣe lè sọ fọ́tò di ńlá hàn wọ́n. Wọ́n ń sọ ọ́ di ńlá títí ó fi ku ojú ọmọ wọn nìkan. Fèrèsé náà wà nínú ẹyinjú rẹ̀, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́, pẹ̀lú irin mẹ́rin tí wọ́n fi ń dènà olè, àti nǹkan dúdú kan tó lóṣòó sí ìsàlẹ̀.

"Kí ni dúdú yìí nínú ojú ọmọ mi?"

"Èmi ni, Mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má tíì tan iná.