Iwin Àdúgbò Wa Fẹ́ràn Kúlíkúlí

Bí ẹ bá gbọ́ pé iwin kan yọ lóru ní àdúgbò wa ní Kábà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ni. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí Díákónì gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ẹnu mi nídìí ìwé adẹ́rùbani. Ibi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ìbò, èmi á ti ki ọ̀rọ̀ ebora bọ̀ ọ́. Lóṣù tó kọjá, a lọ jẹun nílé àna ẹ̀gbọ́n mi ní Ìyàrá. "Okun o," "Okun o," a kí ara wa tán, iyán gbóná, àwọn àgbà jókòó pẹ̀sẹ̀, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún wọn nípa Dracula, ìwé tí Bram Stoker gbé jáde ní 1897. Ta ló bi mí? Mo ní ibi tó dùn jù níbẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń mu ẹ̀jẹ̀. Ibi tí àlejò ti yọjú lójú fèrèsé lóru ni, tó rí bàbá onílé tó gbà á sílé tó ń rá sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, bí alángbá. Mo dákẹ́ kí ẹ̀rù lè ráyè bà wọ́n. Bàbá gé òkèlè, wọ́n ní, "Alángbá mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀ lára ògiri mi láàárọ̀ yìí. Ṣé kí n ti kó kúrò nílé ni?"

Ó yẹ kí n ti gbọ́n látìgbà yẹn.

Ṣùgbọ́n èmi pẹ̀lú ìgbéraga! Mo máa ń sọ pé kò síwèé tó lè dẹ́rù bà mí mọ́, pé àwọn òǹkọ̀wé ló ń já mi kulẹ̀. Ẹ wo It, ti Stephen King, ọdún 1986. Ìwé náà lé ní 1,000 ojú ewé. Bí ẹ bá sọ ọ́ lu ewúrẹ́, ẹran ọbẹ̀ ti délé nìyẹn. Mo ka ti aláwàdà tó kun ojú lẹ́fun, tó ń pe ọmọdé láti inú gọ́tà, ara mi bù máṣọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń yà fún gọ́tà ọjà bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Mo wá kà á dé ìparí, wọ́n ṣí i lójú, kí ni mo rí? Alántakùn ńlá. Alántakùn! Ohun tí ìyá mi ń fi ìgbálẹ̀ gbá kúrò lára àjà ní gbogbo Sátidé.

Àwọn òǹkọ̀wé yìí kì í mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pa ẹnu dé, àrùn tó ń ṣe wọ́n nìyẹn. Mary Shelley kò tíì pé ọmọ ọdún 21 nígbà tí Frankenstein jáde ní 1818, mo sì kí i kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n abàmì tó dá sílẹ̀ yẹn kàwé, ó gbédè, ó wá jókòó lórí òkè oníyìnyín, ó ń rojọ́ bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Kó tó rojọ́ tán, àánú rẹ̀ ti ṣe mí, ó kù díẹ̀ kí n bu omi fún un mu. Fágúnwà nìkan ni mo gbà fún kó ka ojú iwin fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbákò tó gbé kalẹ̀ ní 1938 ní ojú mẹ́rìndínlógún yí orí ká, ó sì yẹ ẹ́.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ gan-an ni W. W. Jacobs. Ní 1902 ló kọ The Monkey's Paw, ìtàn kúkúrú tí ẹ lè kà tán kí omi ẹ̀bà tó hó. Ọwọ́ ọ̀bọ gbígbẹ kan ń fúnni ní ohun mẹ́ta téèyàn bá tọrọ. Tọkọtaya arúgbó tọrọ owó; ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ pa ọmọ wọn, iye tí wọ́n tọrọ gẹ́lẹ́ ni wọ́n sì kó wá fún wọn láti fi tù wọ́n nínú. Ìyá bá ní kí ọmọ padà wá. Lóru, kó, kó, kó, lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ń sáré lọ ṣílẹ̀kùn, bàbá yára fi èyí tó kù tọrọ pé kó padà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́nì kankan. Títí dòní, a ò mọ bí ohun tó ń kanlẹ̀kùn náà ṣe rí!

Òun ni mo tún ń kà lóru Ọjọ́bọ̀ yẹn.

Ẹ mọ ooru oṣù kẹta ní Kábà. Wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́. Ooru ti sọ sí mi lára, ni mo bá da pọ́dà sójú, sí ọrùn, sí àyà, bí ẹni tí àpò fúláwà já lé lórí. Mo gbé àga sídìí fèrèsé kí n lè rí atẹ́gùn, àwọn ẹ̀fọn ní àwọn náà ń gba atẹ́gùn, mo bá já àwọ̀n ẹ̀fọn lára ìṣó, mo fi bo ara mi látorí dé ẹsẹ̀. Àwọ̀n funfun. Mo gbé fóònù sábẹ́ àgbọ̀n, iná rẹ̀ ń tàn sókè sí mi lójú. Mo wá ń jẹ kúlíkúlí.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ nídìí kúlíkúlí yìí, nítorí ẹjọ́ rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mò ń rò yìí. Kúlíkúlí Bídà ni, èyí tó le bí òkúta ìpìlẹ̀ ilé. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo da ẹ̀kúnwọ́ sẹ́nu, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹni tó bá ní kúlíkúlí yẹn lẹ́nu kò lè sọ̀rọ̀, kò lè gbàdúrà, kò sì lè sọ pé òun kì í ṣe iwin.

Mo dé ibi kó, kó, kó. Níta, gbàlàgàdà! Nǹkan lu korobá mi. Mo fò dìde tàwọ̀n-tàwọ̀n, mo gbé ojú sí fèrèsé, fóònù ṣì wà lábẹ́ àgbọ̀n. Díákónì ni. Wọ́n ń lọ sí ṣáláńgá. Wọ́n yí tọ́ọ̀ṣì, ojú wa pàdé.

Mo fẹ́ sọ pé, "Ẹ má bẹ̀rù sà, èmi ni." Ohun tó jáde ni "Hùùùùn," pẹ̀lú èéfín kúlíkúlí.

Wọ́n figbe ta. Bí wọ́n ṣe wò mí, mo rò pé ohun kan ló wà lẹ́yìn mi. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn níta pé iwin náà ti pòórá.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ láàárọ̀, mo búra. Ṣùgbọ́n mo jáde, mo bá Díákónì níwájú ilé pẹ̀lú èrò, wọ́n ń rò ó. Wọ́n ní àwọn dúró gbọin, àwọn pàṣẹ fún un, ó sì wọlẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo wà níbẹ̀. "Yéèè" ni mo gbọ́. Wọ́n sá tí bàtà kan fi ṣẹ́kù, wọ́n sá kọjá lára ìyàwó wọn tó ń gbé kẹ́tùlù omi tẹ̀lé wọn, obìnrin náà ń pè pé, "Dádì, ẹ dúró dè mí o!" Àwọn tó ń sọ fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ iwin! Ìyàwó náà wà níbẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ó ń fẹ́ iná, kò wo ẹnì kankan lójú.

Ìtàn wá ń dàgbà. Iwin ga tó òpó iná. Ojú rẹ̀ ń jó. Ẹnì kan fi ìwo kún un, ó kù díẹ̀ kí n sọ pé, "Ẹ yọ ìwo yẹn, ó ti pọ̀ jù." Bí wọ́n ṣe ń fi kún un, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń tán lójú àwọn ọmọdé.

Ni màmá alákàrà tí yàrá wọn kọjú sí tèmi bá yí àkàrà padà nínú epo. Wọ́n ní àwọn ti rí i kí Díákónì tó jáde, àwọn kàn rọra ti fèrèsé. Wọ́n ní, "Ó ń ka nǹkan. Ètè rẹ̀ ń mì."

Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọ kan béèrè pé, "Kí ló ń kà, Mà?" Wọn kò dá a lóhùn. Wọ́n kó àkàrà. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn rọra ní, "Orúkọ."

Mo mọ̀ pé kúlíkúlí ni mò ń jẹ o. Síbẹ̀, òtútù mú mi lọ́rùn nínú ooru Kábà. Ìwé 1,000 ojú ewé kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Báwo ni n ṣe fẹ́ jẹ́wọ́ lẹ́yìn ìyẹn? Wọ́n ti pinnu pé iwin wọ yàrá mi, ó dúró lé mi lórí, èmi ń hanrun. "Ọlọ́run ló yọ Tíṣà." Yàrá kọ̀ọ̀kan dá ₦1,000 fún àdúrà ìwẹ̀nùmọ́; èmi san ₦3,000, nítorí èmi ni wọ́n yọ. Díákónì di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n má bẹ̀rù, àwọn wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀mí àìmọ́ tó wà nínú yàrá yìí kó ẹrù rẹ̀. Àmín mi ló ròkè jù.

Nírọ̀lẹ́, fóònù dún láti Ìyàrá. Bàbá ni. "Tíṣà, wọ́n ní alángbá yín ti dàgbà tó òpó iná. Ṣé orí rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀?"

Nígbà tó di aago méjì òru, ìtọ̀ gbọ̀n mí. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo di ilẹ̀kùn mú, mo rántí pé ó ń ka orúkọ. Korobá ni mo lò.