Ọkọ̀ Ọdẹ Tí Yóò Rìn Níbi Tí Omi Kò Tó

Ọjọ́bọ̀, oṣù Ògún

Lónìí ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to egungun, ìyẹn àwọn ọ̀pá tó ń fún ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lágbára, sínú ọkọ̀ alumíníọ̀mù tí ọdẹ kan ní kí a kàn fún òun kí àkókò ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ tó wọlé ní oṣù Bélú. Àbàtà Atchafalaya, níhìn-ín ní gúúsù Louisiana, ni ó ti ń dọdẹ. Ọkọ̀ náà jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní 1754, ìyẹn ni pé gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 17, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ tó íǹṣì 54. Nọ́ńbà yìí ni gbogbo oníbàárà máa ń kọ́kọ́ béèrè, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí òun ló hàn sí gbangba. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ohun tó máa ń gbà mí lọ́kàn jù ni ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, láàárín páànù tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ àti páànù tí omi ń kàn. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ sí jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni ojú oníbàárà kì í sábà dé.

Ẹni tí kò bá mọ Atchafalaya lè má mọ ohun tí irú ọkọ̀ yìí ń dojú kọ. Òun ni àbàtà odò tó tóbi jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà, igi cypress ló sì kún inú rẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún 19 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, àwọn agégẹdú gé àwọn àgbà igi náà lọ rẹpẹtẹ, kùkùté ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà lábẹ́ omi títí dòní. Àwọn tó ṣì dúró a máa yọ gbòǹgbò ṣóńṣó sókè láti inú ẹrẹ̀, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní orúnkún igi. Ọdẹ a máa jáde ní ìdájí, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ajá rẹ̀, ìbọn rẹ̀, àti àpò ńlá tó kún fún ère pẹ́pẹ́yẹ tí yóò fi tan àwọn tó ń fò kọjá lókè. Yóò gba orí omi jíjìn, yóò gba orí omi tí kò ju kókósẹ̀ lọ, yóò sì gba orí ẹrẹ̀ lásán kí ó tó dé ibi tí yóò ba sí. Ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè rìn níbi tí omi kò tó. Gbogbo ohun tí a bá ṣe sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, láti inú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló ti jáde wá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ fífẹ̀ rẹ̀ ná. Ká ní ẹsẹ̀ bàtà 14 nínú gígùn ọkọ̀ yìí ló tẹ́ sórí omi, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ tó íǹṣì 54, íǹṣì kọ̀ọ̀kan tí ó bá rì yóò gbé ẹrù tó wúwo tó nǹkan bí 330 pọ́ùn. Bí a bá wá kó ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì, ọdẹ méjì, ajá àti ẹrù wọn pọ̀, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,600 pọ́ùn, ọkọ̀ náà yóò rì tó íǹṣì 5. Bí ó bá jẹ́ pé íǹṣì 48 ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, yóò rì tó íǹṣì 5 àtààbọ̀. Ààbọ̀ íǹṣì lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ṣùgbọ́n nínú àbàtà, òun ló ń mú kí ẹnì kan kọjá lórí kùkùté kí ẹnì kejì sì há sí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìdí kan náà ni irin kò fi bójú mu fún irú iṣẹ́ yìí. Páànù irin tó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì wúwo ju 5 pọ́ùn lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó, ti alumíníọ̀mù kò sì tó 2 pọ́ùn.

Pákó ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ níbí tẹ́lẹ̀, àwọn àgbà Cajun, ìyẹn àwọn ará ibí tó jẹ́ ìran Faransé, sì mọ bí a ti ń gbẹ́ ọkọ̀ pirogue láti inú ìtì igi cypress kan ṣoṣo. Ní 1944, William Hoffman, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ bàálù Grumman, rìnrìn àjò lọ sí òkè Adirondack ní ìpínlẹ̀ New York, ó ru ọkọ̀ onípákó tó wúwo láti adágún kan dé òmíràn, ó sì padà wá pẹ̀lú èrò pé páànù tí wọ́n fi ń ṣe bàálù lè di ọkọ̀ ojú omi tó fúyẹ́. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà. Ríbẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ lórí méjèèjì, ni wọ́n fi ń so àwọn ọkọ̀ ìgbà yẹn pọ̀, ó sì tó fún ẹni tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀. Lójú tèmi, ẹ́ńjìnnì ẹrẹ̀ ló sọ jíjó, ìyẹn fífi iná yọ́ páànù mọ́ ara wọn, di dandan. Ní 1977 ni Warren Coco bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ Go-Devil ní Baton Rouge, tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń mú tutù dípò omi, tí ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ sẹ́yìn, tó sì lè ti ọkọ̀ gba inú ẹrẹ̀ àti koríko kọjá. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti lè gun orí igi pẹ̀lú agbára ẹ́ńjìnnì, ríbẹ́ẹ̀tì tó bá tú díẹ̀ kò ní pẹ́ di ihò tí omi ń gbà wọlé.

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó ń lo irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ alumíníọ̀mù tí a ń rí lórí omi ńlá ní ìlà gbọọrọ tó yọ síta lábẹ́, tí ń jẹ́ kí ọkọ̀ lọ tààrà, tó sì ń kún páànù lọ́wọ́ kí ó lè le. Nínú àbàtà, irú ìlà bẹ́ẹ̀ a máa wọ́ ẹrẹ̀, a sì máa kọ́ igi. Nítorí náà a kì í fi wọ́n sí i, agbára tí wọn ì bá fún páànù sì di ohun tí a ní láti wá fi sí inú. A kì í jẹ́ kí igun tí ìsàlẹ̀ ti pàdé ẹ̀gbẹ́ mú pẹ̀lú. Ẹ̀rọ ni a fi ń tẹ páànù níbẹ̀ kí ó rí róbótó, kí ọkọ̀ lè yọ̀ kúrò lórí ìtì igi bó bá fi ẹ̀gbẹ́ gùn ún. Òótọ́ ni pé èyí ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni: ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jọ̀lọ̀ tí igun rẹ̀ kò sì mú a máa yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń wà á bá ṣẹ́rí lójijì lórí eré. Mo máa ń sọ èyí fún oníbàárà kí ó tó sanwó. Ẹni tó bá ń fẹ́ máa sáré lórí adágún ńlá, ọkọ̀ mìíràn ló yẹ ẹ́.

Nínú ọkọ̀ tòní, àwọn ọ̀pá gígùn ni a kọ́kọ́ tò, láti iwájú títí dé ìdí ọkọ̀; lẹ́yìn wọn ni egungun ìhà tó dábùú, tí wọ́n sì gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ sókè. Àwọn kan máa ń fi egungun ìhà nìkan ṣe é, nítorí pé ó yá, ó sì dínwó. Èrò tèmi ni pé ọkọ̀ tí yóò máa gun kùkùté kò gbọdọ̀ wà láìní ọ̀pá gígùn, ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà sì wà ní igun ṣọ́ọ̀bù wa lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ọkọ̀ kan tí wọ́n kàn níbòmíràn ni, tí olówó rẹ̀ gbé wá fún àtúnṣe nítorí pé omi ń wọ inú rẹ̀, kò sì rí ibi tó ń gbà wọlé. Nígbà tí a ṣí ilẹ̀ rẹ̀, ọ̀gá mi da omi sínú rẹ̀, èmi sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Kò kọ́kọ́ sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀kán omi kan yọ níbi tí egungun ìhà kejì láti ẹ̀yìn ti parí, nítòsí igun, nígbà tí mo sì nù ún kúrò, mo rí ìlà dúdú tínrín kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ohun tó fà á yé wa. Bí ọkọ̀ bá gun igi, páànù tó wà láàárín egungun méjì a máa tẹ̀ díẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ egungun gan-an kò lè tẹ̀. Níbi tí egungun bá sì ti dópin lójijì, gbogbo títẹ̀ náà yóò kóra jọ sójú kan, gẹ́gẹ́ bí wáyà tí a ń ká síwá sẹ́yìn lójú kan náà títí yóò fi ṣẹ́. Alumíníọ̀mù kì í sì í gbàgbé. Irin lè fara da títẹ̀ kékeré láìlópin, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù, bó ti wù kí títẹ̀ náà kéré tó, bó bá ti pọ̀ níye, yóò sán níkẹyìn. A ti lu ihò kékeré sí orí méjèèjì ìlà náà kí ó má bàa sáré sí i, a ti fi gíráíńdà gbẹ́ ẹ jinlẹ̀, a sì ti jó o padà. Ṣùgbọ́n àtúnṣe tòótọ́ ni àwọn ọ̀pá gígùn tí a ń fi so egungun náà mọ́ ara wọn báyìí, kí ẹrù lè pín kárí, àti orí egungun kọ̀ọ̀kan tí a gé kí ó máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dípò kí ó parí ṣánṣán.

Iṣẹ́ jíjó fúnra rẹ̀ ń fẹ́ sùúrù tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ wẹ́dà nílé nídìí géètì àti irin ojú fèrèsé, bí èmi, ní láti tún kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Irin máa ń pọ́n kí ó tó yọ́, ojú á sì rí i pé ó ti ń bọ̀. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Bó ṣe funfun ni yóò ṣe funfun títí yóò fi yọ́ lójijì. Èèpo tínrín kan tún ń bò ó lójú ní kété tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èèpo náà kò sì ní yọ́ títí yóò fi kọjá 2,000, nítorí náà ẹni tí kò bá fi búrọ́ọ̀ṣì ha á kúrò yóò kàn máa yọ́ inú, èèpo yóò sì há sáàárín oríkèé. Búrọ́ọ̀ṣì náà kò gbọdọ̀ kan irin rí. Èyí tó sì ń dààmú wa jù lọ ní oṣù Ògún ni ọ̀rinrin. Omi inú afẹ́fẹ́ Louisiana a máa ṣe ìrì sára páànù àti sára wáyà tí a fi ń jó o. Iná a máa yọ háídírójìn inú rẹ̀ jáde, alumíníọ̀mù tó ti yọ́ a sì máa fà á mu. Bó bá ti ń tutù, kò ní lè gbé e dání mọ́, háídírójìn náà a sì di ihò wẹ́wẹ́ sínú oríkèé tí ó dán lójú. Láàárọ̀ yìí, kí a tó tan iná, a nu gbogbo ojú tí a fẹ́ jó pẹ̀lú acetone, oògùn olómi tó ń yọ ọ̀rá kúrò, a fi iná gáàsì yá a díẹ̀ kí ìrì lè lọ, a sì rí i dájú pé gáàsì argon, tó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò lójú iná, ń fẹ́ dáadáa lórí rẹ̀.

A kì í jó egungun láti orí dé ìdí lẹ́ẹ̀kan náà. A ó jó íǹṣì 2, a ó fo 4, a ó kọjá sí òdìkejì ọkọ̀ kí a tún jó íǹṣì 2 níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ó sì máa ṣe é lọ. Bí iná bá mú alumíníọ̀mù, ó ń gùn sí i tó ìlọ́po méjì bí irin ṣe ń gùn, bó bá sì ń tutù, a máa fa gbogbo ohun tó yí i ká mọ́ra. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ìkánjú jó, ìwọ yóò rí àmì gbogbo egungun rẹ̀ láti ìta bí o bá fi ojú wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ìpẹ̀kun, ìsàlẹ̀ tó bá sì rí bẹ́ẹ̀ kò jọ̀lọ̀ mọ́. Oríkèé tí omi ń kàn nìkan ni a ń jó láìdáwọ́dúró.

Irú páànù alumíníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 5052 ni a fi ṣe ìsàlẹ̀, nítorí pé ó ṣeé tẹ̀ láìsán, tí iná kì í sì í gba púpọ̀ nínú agbára rẹ̀. Etí ọkọ̀ jẹ́ irú mìíràn, 6061, tó le jù ú lọ, ṣùgbọ́n èyí lè pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ lọ lẹ́bàá ojú tí a bá jó, nítorí náà a kì í fi í sí ibi tí igi yóò ti máa lù ú. Lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, fóòmù ni yóò kún àlàfo, nítorí òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20 gbọ́dọ̀ léfòó ní títẹ́jú bí omi bá tilẹ̀ kún inú rẹ̀, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè rí ohun dì mú. Oníbàárà béèrè bóyá òun lè fi pákó tí wọ́n fi oògùn sí tẹ́ ilẹ̀ nítorí owó. A kò gbà. Bàbà wà nínú oògùn náà, bí ó bá sì rin, yóò máa jẹ alumíníọ̀mù lábẹ́lẹ̀.

Ìdí ọkọ̀ nìkan ni a kò tíì fọwọ́ kàn. Ọkùnrin náà ṣì ń rò ó bóyá ẹ́ńjìnnì ẹrẹ̀ tàbí ti omi lásán ni òun yóò lò, bẹ́ẹ̀ ni gíga ògiri ìdí, níbi tí a ń so ẹ́ńjìnnì mọ́, àti ìdagun rẹ̀ kò lè jẹ́ bákan náà fún àwọn méjèèjì. Bó bá mú ti ẹrẹ̀, tó wúwo, a ó jó àpótí òfìfo méjì mọ́ ẹ̀yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ìdí ọkọ̀ má bàa rì ju iwájú lọ nígbà tó bá dúró. Mo ti ní kí ó fún wa lésì kí ó tó di Ọjọ́ Ajé, nítorí a kò ní gé páànù yẹn títí a ó fi mọ ohun tí yóò gbé.