Ọ̀wọ́n Kíìtì Mọ́dẹ́ẹ̀lì: Èyí Tó Tọ́ àti Èyí Tí Kò Tọ́

Kò sí ibi tí àwa tí a ń to mọ́dẹ́ẹ̀lì oníke ti pàdé lásìkò yìí tí ọ̀rọ̀ owó kì í jẹyọ. Ẹni tó ń to bàálù ń ráhùn, ẹni tó ń to ọkọ̀ ogun ń ráhùn, ẹni tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló mọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ohun tí mo sì máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn jù ni pé, “Ṣebí ike lásán ni!” Èmi náà mọ̀ pé owó kíìtì, ìyẹn páálí tí àwọn ẹ̀yà ike tí a ń tò wà nínú rẹ̀, ti gun òkè, èmi kò sì fẹ́ ṣe bí ẹni pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, apá kan wà nínú ọ̀wọ́n yìí tó bọ́gbọ́n mu, apá kan sì wà tó yẹ kí a kọ̀ jálẹ̀, bí a bá sì ń pariwo lórí méjèèjì bákan náà, ariwo wa kò ní dé etí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ike kúrò nílẹ̀. Polystyrene, irú ike kan, ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kíìtì wa, ara epo rọ̀bì ni wọ́n sì ti ń rí i, nítorí náà bí epo bá wọ́n, bí ó ti wọ́n ní ọdún 1973, ó di dandan kí ó kan àwọn tó ń ṣe kíìtì. Síbẹ̀, bí ẹ bá gbé férémù tí àwọn ẹ̀yà bàálù kékeré kan so mọ́ lé ọwọ́, ẹ ó rí i pé bóyá lẹ mọ̀ pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ yín. Owó ike tó wà nínú páálí kan kò tó nǹkan lára iye tí a ń san. Kódà bí wọ́n bá ń fún ilé iṣẹ́ ní ike náà lọ́fẹ̀ẹ́, bóyá ni owó orí páálí yóò fi lọ sílẹ̀ tí a ó fi mọ̀ ọ́n lára.

Mọ́ọ̀dù irin tí wọ́n fi ń da ike ni owó wà. Wọn a yọ́ ike nínú ẹ̀rọ, wọn a fi agbára ńlá tì í sínú mọ́ọ̀dù olójú méjì tó pa dé mọ́ra gbagidi; bí ó bá ti tutù, ojú méjèèjì a là, férémù a sì já bọ́. Kíá ni èyí ń parí. Iṣẹ́ tó ń gba oṣù mélòó kan, tó sì ń gba ọdún nígbà mìíràn, ni gbígbẹ́ mọ́ọ̀dù náà. Gbogbo ìlà tín-ín-rín tí ẹ ń rí lára apá bàálù, gbogbo orí rífẹ́ẹ̀tì, gbogbo aago kékeré tó wà níwájú awakọ̀, ni wọ́n ti kọ́kọ́ yà sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ̀rọ tó gbẹ́ ẹ sára irin líle, tí oníṣẹ́ yóò sì tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ojú irin náà kí ike má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Owó mọ́ọ̀dù kíìtì kan a máa wọ ẹgbẹẹgbàárùn-ún dọ́là, ti kíìtì ńlá sì lè ju 100,000 dọ́là lọ, wọn yóò sì ti ná gbogbo rẹ̀ tán kí páálí kan ṣoṣo tó tà. Bí ọkọ̀ tí èèyàn háyà ni: iye kan náà ni awakọ̀ yóò gbà, ì báà jẹ́ èèyàn márùn-ún ló wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ àádọ́ta. Iye èèyàn tó bá wọlé ni yóò sọ ohun tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Láyé ọjọ́un, èrò kún inú ọkọ̀ náà. Ní ọdún 1936 ni kíìtì oníke àkọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Frog Penguin ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọjà náà tó gbilẹ̀. Ilé iṣẹ́ Airfix, tí Nicholas Kove dá sílẹ̀ ní 1939, gbé ọkọ̀ ojú omi Golden Hind jáde ní 1952 fún ilé ìtajà Woolworths, tó ti fàáké kọ́rí pé òun kò ní tà á ju ṣílè méjì lọ. Kí iye náà tó lè ṣeé ṣe, polystyrene ni Airfix fi ṣe é, ọ̀rá ni wọ́n sì dì í sí, tí wọ́n ṣẹ́ bébà kan po lé ẹnu ọ̀rá náà dípò páálí. Ọmọdé ni wọ́n fojú sùn, àti owó ìnáwọ́ kékeré tó wà ní àpò ọmọdé. Ilé iṣẹ́ Bandai náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Jàpáànù ní 1980 nígbà tí wọ́n gbé kíìtì àkọ́kọ́ ti Gundam, róbọ́ọ̀tì inú eré àwòrán tẹlifíṣọ̀n, jáde ní ìwọ̀n 1/144, ìyẹn ni pé ohun gidi náà tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po 144: 300 yẹ́ẹ̀nì ni wọ́n tà á, ó sì tà bí ẹni gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ọmọ tó pọ̀ lọ́ salalu bá ń ra nǹkan kan náà, owó mọ́ọ̀dù kì í pẹ́ dín kù títí tí kò fi ní hàn mọ́ nínú iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san.

Àwọn ọmọ ìgbà náà ti dàgbà, àwọn gan-an ló sì ń ra kíìtì títí di òní. Wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ojú wọn ti là, wọ́n sì mọ̀ bí bàálù náà ṣe rí gan-an ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Bí ẹnu àtẹ̀gùn ẹ́ńjìnnì bá fi ìdajì mílímítà tóbi ju bó ti yẹ lọ, wọn yóò wí i. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ tẹ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lọ́rùn gbọ́dọ̀ lọ wọn ọkọ̀ gidi níbi tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ sí, kí ó ṣe kíìtì tó ní ẹ̀yà púpọ̀, kí ó sì gba ẹni tó mọṣẹ́ láti tẹ àwọn àmì ìlẹ̀mọ́. Lára kíìtì ọkọ̀ ogun 1/35 tí wọ́n to gbogbo inú rẹ̀ dé orí ẹ́ńjìnnì àti ọta, iye ẹ̀yà lè lé ní 1,000. Àwa la bèèrè fún èyí. A kò lè ní kí wọ́n fún wa ní iṣẹ́ ọdún 2025 ní owó ọdún 1975.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí èrò ṣe kéré tó nínú ọkọ̀ báyìí, ẹ wo ọ̀rọ̀ Wingnut Wings. Peter Jackson, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ sinimá ṣíṣe, ló wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà ní New Zealand. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń ta bàálù Ogun Àgbáyé Kìíní ní ìwọ̀n 1/32, ìwé ìtọ́nisọ́nà inú páálí wọn nìkan sì tó ohun tí èèyàn lè kà bí ìwé ìtàn. Ní 2020, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àwọn kíìtì tó ṣẹ́kù wá di ohun tí àwọn alárìnà-ọjà ń tà ní ìlọ́po iye tí wọ́n rà á. Iṣẹ́ wọn dára dé góńgó, dídára iṣẹ́ náà nìkan kò sì gbà wọ́n.

Owó ìfiránṣẹ́ àti owó ibodè ni ẹrù kejì. Ìdàrúdàpọ̀ ọkọ̀ ojú omi àti kọ̀ńténà ní 2021 ti sọ kíìtì tó ń ti Ṣáínà àti Jàpáànù bọ̀ di ọ̀wọ́n, páálí kíìtì kò sì dára láti kó lọ sọ́nà jíjìn: ó tóbi, kò wúwo, òfìfo ló pọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo òfìfo náà la sì ń sanwó ọkọ̀ fún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2021, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fagi lé àyè tó jẹ́ kí ẹrù tí kò ju yúrò 22 lọ wọlé láìsan owó orí ọjà. Amẹ́ríkà tún wá pa àyè tirẹ̀ dé, èyí tó jẹ́ kí ẹrù tí kò ju 800 dọ́là lọ wọlé láìsan owó ibodè: ti Ṣáínà lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹjọ. Ẹni tó máa ń ra páálí kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ olùtajà ilẹ̀ òkèèrè ni gbogbo èyí dùn jù. Ti àwọn ilé iṣẹ́ bíi ICM àti MiniArt, tí wọ́n wà ní Kyiv ní Ukraine, tún le ju èyí lọ, nítorí inú ogun ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti 2022. Èmi kò ní jiyàn owó pẹ̀lú ẹni tó ń da ike lábẹ́ òkò. Owó àṣẹ náà wà níbẹ̀, èyí tí àwọn tó ni orúkọ Ferrari tàbí Boeing ń gbà kí orúkọ wọn tó hàn lára páálí, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn gùn lọ.

Gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, mo gbà á. Èyí tí n kò gbà ni mọ́ọ̀dù àtijọ́ nínú páálí tuntun. Mọ́ọ̀dù irin kì í tètè gbó. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè ṣiṣẹ́ fún àádọ́ta ọdún. Bàálù B-17G ní ìwọ̀n 1/48 tí ilé iṣẹ́ Monogram gbé jáde ní 1975 jẹ́ àpẹẹrẹ kan: Monogram àti ilé iṣẹ́ Revell wá di ọ̀kan ní 1986, kíìtì náà sì ti jáde nínú oríṣiríṣi páálí láti ìgbà náà wá. Ó dára fún ìgbà tirẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà sì wà lára wọn. Kò sí aburú kankan nínú kí ohun tó dára tún padà wá sọ́jà. Ṣùgbọ́n kíìtì tí owó mọ́ọ̀dù rẹ̀ ti wọlé tán kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rà á tó dáyé, kí ni ó ń wá nítòsí owó kíìtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ mọ́ọ̀dù rẹ̀? Àwòrán iwájú páálí a máa dán gbinrin, wọn a tẹ àmì ìlẹ̀mọ́ tuntun sí i, wọn a sì kọ “tuntun” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé páálí nìkan ni tuntun.

Ẹni tó bá ṣí páálí náà kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Kí ó fi èékánná gba ojú apá bàálù kọjá: bí ìlà bá yọ sókè dípò kí ó wọnú, ó ṣeé ṣe kí mọ́ọ̀dù náà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kí ó wo etí àwọn ẹ̀yà, níbi tí ojú méjì mọ́ọ̀dù ti pàdé. Bí awọ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá ń yọ jáde níbẹ̀, irin náà ti ń jẹ, kò pa dé mọ́ra bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó yí apá tàbí ikùn bàálù náà dojú bolẹ̀, kí ó gbé e síbi tí iná wà. Nínú ọ̀pọ̀ kíìtì, ọdún tí wọ́n gbẹ́ mọ́ọ̀dù wà níbẹ̀ ní lẹ́tà kóńkóló tó yọ sókè lára ike, níbi tí kò ní hàn mọ́ tí a bá ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Inú mi kì í dùn bí mo bá ti sanwó tán kí n tó bá ọdún náà pàdé. Ẹni tí kò bá lè ṣí páálí lè lọ wo Scalemates lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń to ìran kíìtì kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí mọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jáde dé ìgbà tó gbẹ̀yìn pààrọ̀ páálí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ níbẹ̀ ti gba owó púpọ̀ sílẹ̀ fún mi.

Ọ̀nà mìíràn tí owó fi ń dín kù wà nínú bí àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣe ń pín ọjà wọn. Eduard, ti orílẹ̀-èdè Czech, máa ń ta ike kan náà ní oríṣi méjì: ProfiPack ní àwọn ẹ̀yà irin pẹlẹbẹ àti ohun tí wọ́n fi ń bo fèrèsé kí ọ̀dà má baà kàn án, Weekend kò ní wọn, owó rẹ̀ sì kéré. Ẹni tí kò bá ní lo ẹ̀yà irin, kí ló fẹ́ fi ProfiPack ṣe? Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà wá pé kíìtì kan yóò tán lọ́jà, a ó rà á, a ó gbé e sórí àjà, a ó sì tún ra òmíràn kí a tó to ti tẹ́lẹ̀. Àwọn alárìnà-ọjà mọ ẹ̀rù yìí dáadáa, òun ni wọ́n ń jẹ. Páálí tí a kò tíì ṣí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ráhùn ọ̀wọ́n pẹ̀lú wa.

Àwọn ọmọdé ni ọ̀rọ̀ náà le fún jù. Àgbàlagbà lè ra kíìtì kan kí ó sì fi oṣù mẹ́ta tò ó. Bí a bá pín owó rẹ̀ sí wákàtí tó lò nídìí rẹ̀, bóyá ni eré ìdárayá mìíràn yóò fi dínwó tó bẹ́ẹ̀. Ọmọdé kì í ṣe ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ bàálù kan lónìí, ó fẹ́ tò ó tán kí ilẹ̀ tó ṣú, bí gọ́ọ̀mù bá sì ba fèrèsé rẹ̀ jẹ́, ó fẹ́ lè ra òmíràn. Ibí gan-an ni mo ti rí iṣẹ́ fún àwọn mọ́ọ̀dù àtijọ́. Ẹ̀yà wọn kéré, wọ́n rọrùn láti tò, owó wọn ti wọlé tipẹ́. Kí wọ́n tà wọ́n fún ọmọ ní owó ọmọ, kódà bó jẹ́ inú ọ̀rá tí wọ́n ṣẹ́ bébà lé lẹ́nu.

Kí wọ́n sì tẹ ọdún mọ́ọ̀dù sí ẹ̀gbẹ́ páálí, sí ibi tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n àti iye ẹ̀yà sí. Mo mọ̀ pé wọn yóò ní ẹni tó bá rí 1975 kò ní rà á mọ́. Airfix ní ẹ̀ka kan tí wọ́n pè ní Vintage Classics, mọ́ọ̀dù àtijọ́ pẹ̀lú àwòrán páálí àtijọ́, tí wọn kò fi ọjọ́ orí rẹ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni, àwọn èèyàn sì ń rà á.