Ẹ bá wa dúpẹ́: ẹ̀yìn ọmọ tí tíbì bá jà ti san

Ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ bá wa yin Olúwa, Ẹlẹ́rù-níyìn! Oògùn oṣù 12 ti pé, egungun ẹ̀yìn ọmọ wa sì ti jinná. Ọlọ́run ò fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Nítorí òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń ké lóru la ṣe fẹ́ sọ bí ìtọ́jú yìí ṣe rí, àti ibi tí owó ìjọba dé.

Tíbì kì í ṣe ti àyà nìkan. Kòkòrò tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé egungun ẹ̀yìn, á jẹ iwájú egungun méjì tó kan ara wọn, wọn á wó síwájú, iké á yọ. Ọmọ náà lè má húkọ́ rárá. Ohun tó máa ń hàn ni pé kò ní fẹ́ tẹ̀ mọ́: bí nǹkan bá bọ́ sílẹ̀, á lóṣòó kó tó mú un. Ara rẹ̀ á máa gbóná nírọ̀lẹ́, á sì máa rù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi omi gbígbóná àti òrí tẹ irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Egungun tó ti rọ̀ àti ọyún tó wà níbẹ̀ lè fún iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì sì rọ.

Ọ̀fẹ́ ni oògùn tíbì nílé ìwòsàn ìjọba. Ìjọba àpapọ̀ àti Global Fund, àjọ àgbáyé tó ń ṣètọrẹ owó láti gbógun ti tíbì, ló ń gbé owó rẹ̀. Oògùn mẹ́rin ni fún oṣù 2 àkọ́kọ́, méjì péré fún oṣù 10 tó kù. Ti ọmọdé máa ń yọ́ sómi. Ìwúwo ni wọ́n fi ń kà á: kílò 12 sí 15, hóró mẹ́ta lójúmọ́, kílò 16 sí 24, mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọn ọmọ lóṣooṣù, torí ọmọ tó bá ti ń jẹun á sanra kọjá iye hóró tí wọ́n kọ fún un, oògùn ò sì ní tó mọ́.

Ìtọ̀ á pọ́n bí osàn. Rifampicin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, ló fà á, kì í ṣe ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ṣùgbọ́n bí funfun ojú rẹ̀ bá di àwọ̀ ìyeyè, tó tún ń bì, ẹ tètè gbé e lọ, ẹ̀dọ̀ lè ti fara gbá a.

Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta, ìrora á lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dá oògùn dúró, kòkòrò ò sì tíì kú. Ẹ yẹ gbogbo ará ilé wò pẹ̀lú. Àgbàlagbà tó ń húkọ́ ni ọmọdé sábà máa ń kó o lára rẹ̀.

Ibi tó ń dun ni pé MRI (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara), bẹ́líìtì líle tí wọ́n fi ń de ẹ̀yìn, àti irin pẹ̀lú ìṣó bó bá di iṣẹ́ abẹ, kò sí nínú oògùn ọ̀fẹ́ náà. Ẹni tó bá wà lábẹ́ NHIA, ètò ìbánigbófò ìlera ìjọba àpapọ̀, kó gba lẹ́tà ilé ìwòsàn tó ti kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ àti kóòdù àṣẹ kó tó ya MRI kankan. A bẹ ìjọba, ẹ fa owó dé ibí yìí fún àwọn ọmọdé. Òfin ìlera ọdún 2014 ti ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn náà ń fẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń ka hóró oògùn, Olúwa á bù kún yín. X-ray ò tíì tán o: iké lè máa tẹ̀ sí i bí ọmọ ṣe ń dàgbà, a ó máa gbé e wá títí yóò fi ga tán. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn dé iwájú pẹpẹ.