Ẹ Má Kọ Ọ́ Pé "Ó Gbà Láti Lọ"

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ lọ́yà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àṣìṣe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹjọ́ òwò ènìyàn ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, wọ́n mú ọmọbìnrin kan tó ti Lẹ́bánónì dé wá sí ọ́fíìsì wa lẹ́bàá ọjà Balógun. Ariwo àwọn oníbàtà ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ó ń ká etí ìborùn rẹ̀ mọ́ ìka, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Mo bi í pé, "Ṣé wọ́n fi ipá mú ẹ lọ ni?" Ó ní rárá, wọ́n ní iṣẹ́ olùkọ́ ni òun máa ṣe. Mo kọ ọ́ wàrà: "Ó gbà láti lọ." Ọ̀gá mi kà á, ó fa ìlà pupa lé gbólóhùn yẹn, ó ní kí n lọ ka òfin kí n tó tún bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀.

Mo lọ kà á. Àdéhùn Palermo tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2000 fi ẹsẹ̀ mẹ́ta gbé òwò ènìyàn dúró: ohun tí wọ́n ṣe, bíi kí wọ́n gbé ènìyàn láti ibì kan dé ibòmíràn, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, bíi ipá tàbí ẹ̀tàn, àti ìlòkulò tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Bí ẹ̀tàn bá ti wọ̀ ọ́, "mo gbà" tí ẹni náà sọ kò já mọ́ nǹkan kan. Bí kò bá sì tíì pé ọmọ ọdún 18, ẹ ò ní láti wá ẹsẹ̀ kejì yẹn rárá.

Ọdún 2000 yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà ṣe òfin tiwọn, tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ àárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Láti 2001 ni wọ́n ti ń to àwọn orílẹ̀-èdè sí ipele lọ́dọọdún, bí oníkálukú ṣe ń gbógun ti òwò ènìyàn sí. Èyí tó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n lè dá àwọn ìrànwọ́ kan dúró fún un. Àwa ní Nàìjíríà ṣe òfin tiwa ní 2003, NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti òwò ènìyàn, sì dìde. Ní 2004, a wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Ní 2009, a gòkè sí ipele kìn-ín-ní. Àwọn kan máa ń bínú, wọ́n ní ta ló fi Amẹ́ríkà joyè adájọ́. Inú tèmi náà máa ń bí sí i, pàápàá nítorí pé títí di 2010, wọn ò to ara wọn mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ń kà: ẹjọ́ tó dé kóòtù, àti ọ̀daràn tí wọ́n dá lẹ́bi. Ẹjọ́ tó bá wó nítorí gbólóhùn kan tí ẹ kọ lọ́sàn-án gangan kò sí nínú òǹkà kankan, ẹni tó ta ọmọ ọlọ́mọ á sì padà sílé rẹ̀.

Ọmọ yẹn padà wá lọ́jọ́ kejì. Mi ò bi í léèrè ipá mọ́. Mo ní, "Ta ló ń tọ́jú páásípọ́ọ̀tù rẹ níbẹ̀?"

Ó jọ̀wọ́ ìborùn. Ó ní, "Àǹtí, pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti gbà á. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ máa bọ̀ nílé, màdáámù ní kí n kọ́kọ́ dá owó tí òun fi rà mí padà."

Ojú ewé mẹ́rin la kọ lọ́jọ́ yẹn.